Kí Ẹ Tó Yọ Ọ́, Ẹ Bèèrè Iṣẹ́ Tó Ń Ṣe

Àwọn lẹ́tà tí mo mú lóṣù yìí jọ ara wọn. Gbogbo ẹni tó kọ wọ́n ló ní ohun kan tí ẹlòmíràn ti ya àwòrán rẹ̀, tó sì ti ṣe é tán, ẹ̀rọ ni o, ààrò ni o, ilé ni o. Wọ́n wá fẹ́ tún un ṣe kó lè wúlò ju bó ṣe wà lọ. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn, irú rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjinníà. Ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni mo ní, ẹ́ńjìnnì Lister àtijọ́ ló ń gbé e yí. Nígbà tí owó dísẹ́ẹ̀lì kọjá agbára wa, àbúrò mi bá mi ra mótò oníná. Wọ́n yọ Lister kúrò, wọ́n gbé mótò sí àyè rẹ̀, púlì kan náà tí bẹ́líìtì ń yí lé ni wọ́n sì lò: ínṣì 8 níbi ẹ́ńjìnnì, ínṣì 5 níbi dúrọ́ọ̀mù tó ń rin ẹ̀gẹ́. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ ti ń gbọ̀n bíi pé ó fẹ́ fò dìde. Bíárìn ti kú lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí n da kọnkéré tó nípọn sí ìdí rẹ̀. Ṣé kí n dà á? (Ìyá Onígààrí, Ìwó)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá, Màmá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ra sìmẹ́ǹtì. Ìpìlẹ̀ kọ́ ló ń da ẹ̀rọ yín láàmú, eré àsápajúdé ni.

Lister tí ẹ yọ, irú èyí tó ní kẹ̀kẹ́ irin ńlá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgbà 650 ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ sọ 650 di ọ̀nà 8 nítorí púlì rẹ̀, kí ẹ wá pín in sí 5 nítorí púlì dúrọ́ọ̀mù. Ẹ ó rí 1040. Iye ìgbà tí dúrọ́ọ̀mù yín ń yí ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn láti ọdún tẹ́ ẹ ti ń lò ó, ó sì ń bá yín rin ẹ̀gẹ́ láìsí ẹjọ́. Mótò oníná tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà ń yí ní nǹkan bí ìgbà 1450. Ẹ fi púlì ínṣì 8 kan náà sí i, ẹ tún ìṣirò náà ṣe: ó di 2320. Eré ti ju ìlọ́po méjì lọ, kò sì sí ẹni tó bi dúrọ́ọ̀mù bóyá ó lè gbà á.

Gbígbọ̀n kì í bá eré lọ ní dọ́gbadọ́gba. Kò sí dúrọ́ọ̀mù onígi tí a fi páànù wé tí apá kan rẹ̀ kò ní wúwo díẹ̀ ju ìkejì. Apá tó wúwo yẹn ló ń fa ṣáàfù, ọ̀pá irin tó gbé dúrọ́ọ̀mù, síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú bíárìn bó ti ń yí. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, ìfà náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí tiyín ṣe rí yìí, ó ti tó ìlọ́po márùn-ún. Ohun tó ń pa bíárìn nìyẹn. Kọnkéré lè mú kí ẹ̀rọ yéé rìn kiri nílẹ̀ o, ṣùgbọ́n ìfà yẹn kò ní kúrò lára bíárìn, ojú yín nìkan ni kò ní máa rí i mọ́.

Ohun tí ẹ ó ṣe rèé. Ẹ fi púlì ínṣì 5 sára mótò, kí ẹ fi ínṣì 7 sára dúrọ́ọ̀mù. Ó máa fún yín ní nǹkan bí 1036, ẹ ti padà síbi tí ẹ wà tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíràn lè ní kí ẹ fi ínṣì 5 ti dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀, kí ẹ kàn wá púlì ínṣì 3 àti ààbọ̀ fún mótò. Ìṣirò gbà á, owó rẹ̀ sì kéré sí i, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì kì í rí ibi tó pọ̀ tó dì mú lára púlì kékeré. Á máa yọ̀, á gbóná, á já. Ẹ ná owó púlì méjèèjì.

Ohun kejì kò sí nínú lẹ́tà yín, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Kẹ̀kẹ́ irin ńlá méjì ara Lister yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ẹ bá ju ẹ̀gẹ́ tó le sínú ẹ̀rọ, ìwúwo kẹ̀kẹ́ wọ̀nyẹn tó ti wà lórí eré ló ń gbé dúrọ́ọ̀mù kọjá ibi tó le náà, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ kò tiẹ̀ ní mọ̀ ọ́n lára púpọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé Lister kúrò, iṣẹ́ tí àwọn kẹ̀kẹ́ náà ń ṣe bá a lọ, ẹnikẹ́ni ò sì fi nǹkan kan dípò rẹ̀. Tí ẹ̀gẹ́ bá há báyìí, ńṣe ni mótò á falẹ̀, á fa iná rẹpẹtẹ, wáyà inú rẹ̀ á sì gbóná títí á fi jó. Tí iná tí ń bẹ lójú wáyà kò bá wá lágbára lọ́jọ́ náà, ó tún burú sí i. Nítorí náà, ẹ máa gé ẹ̀gẹ́ kéékèèké, ẹ máa fi sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì ra sítátà tó máa gé iná fúnra rẹ̀ tí mótò bá ń fà ju bó ṣe yẹ lọ. Owó sítátà kò tó owó mótò tuntun.

Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ iṣẹ́ kan kò gbọ́dọ̀ fi sípánà kan nọ́ọ̀tì kó tó sọ fún mi iṣẹ́ tí ohun tó fẹ́ yọ ń ṣe. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, a ó jọ jókòó tì í títí tá a fi máa mọ̀ ọ́n. Àwọn oníbàárà tó ń kánjú kì í fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè fi í sílẹ̀.

Bí ẹ bá ti tú dúrọ́ọ̀mù, ẹ wo páànù tí wọ́n fi ìṣó lu. Omi ẹ̀gẹ́ máa ń kan, ó sì ń jẹ síǹkì ara páànù lásán, ohun tó bá sì jẹ ńkọ́, inú gààrí ló ń lọ. Tí agbára bá wà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí irin tí kì í dípẹtà, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní stainless. Kí ẹ sì bá mi fi irin bo bẹ́líìtì náà, nítorí àwọn tó ń ró ìró ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó má bàa gbá ìró wọn mú.

ÌBÉÈRÈ: Jẹnẹrétọ̀ kékeré onípẹtiróòlù ni mo ní. Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n lè tún un ṣe kó máa lo gáàsì ìdáná? (Télọ̀ kan, Ṣágámù)

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni. Ibi kábúrétọ̀ ni wọ́n ti máa ṣe é, wọ́n á fi èyí tó lè po gáàsì mọ́ afẹ́fẹ́ síbẹ̀. Agbára rẹ̀ á dín díẹ̀, nítorí náà tí áyọ́ọ̀nù yín bá ti ń mú un kérora tẹ́lẹ̀, kò ní gbé e mọ́. Èéfín rẹ̀ kì í fojú hàn bíi ti pẹtiróòlù, ṣùgbọ́n ó ṣì lè pa èèyàn mọ́jú. Ìta ni jẹnẹrétọ̀ ń gbé, ìta náà ni sílíńdà ń gbé, ní òró, kí àyè wà láàárín àwọn méjèèjì. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń fà sí, ẹ má ṣe gbé e sí kòtò tàbí ìdí gọ́tà. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi yẹ ojú ìsopọ̀ wò. Ẹ má fi ìṣáná wò ó láé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ilé ẹ̀kọ́ gíga pólì ni mo wà. Mo fẹ́ fi àtúnṣe ẹ̀rọ tó ń pa èkùrọ́ ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi, nítorí pé èyí tó wà ládùúgbò wa ń fọ́ ọmọ inú èkùrọ́ mọ́ èèpo. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní àtúnṣe kì í ṣe iṣẹ́ ẹnjinníà, pé kí n lọ ṣe ohun tuntun. Mo ti ní lọ́kàn láti dín eré rẹ̀ kù, kí n yí ara ògiri inú rẹ̀ padà, kí n sì fẹ ẹnu rẹ̀ sí i. (Akẹ́kọ̀ọ́, Ẹdẹ)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, sọ fún wọn pé James Watt, tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù nídìí ẹ̀rọ tó ń fi oru omi gbígbóná ṣiṣẹ́, kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe é. Thomas Newcomen ti gbé tirẹ̀ kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1712, ó ń fa omi kúrò nínú ihò ìwakùsà. Ohun tó gbé Watt dé ìdí ẹ̀rọ náà ni pé Yunifásítì Glasgow ní àwòṣe kékeré kan rẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n sì gbé e fún un ní 1763 pé kó tún un ṣe. Àtúnṣe ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ o!

Ó wò ó, ó sì rí ibi tí èédú ń ṣòfò sí. Oru gbígbóná á wọ inú sílíńdà, àgbá irin tí písítọ́ọ̀nù ẹ̀rọ náà ń lọ bọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á wá fọ́n omi tútù sínú sílíńdà kan náà kí oru lè di omi. Sílíńdà á tutù pátápátá, oru tó tún ń bọ̀ á sì kọ́kọ́ jìyà mímú irin náà gbóná kó tó lè ṣiṣẹ́ kankan. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí ní gbogbo ìgbà tó bá lọ tó bọ̀. Ní 1765, èrò wá sí i lọ́kàn pé kó fi àgbá mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí oru máa lọ di omi sínú ìyẹn, kí sílíńdà lè máa gbóná títí. Ó gba ìwé àṣẹ tó fi hàn pé òun ló ni èrò náà ní 1769. Nígbà tó yá, òun àti Matthew Boulton, oníṣòwò tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ń gbé ẹ̀rọ náà fún àwọn oníwakùsà ní Cornwall, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó tí wọ́n sì ń gbà ni ìdá kan nínú mẹ́ta iye èédú tí ẹ̀rọ náà bá bá wọn dín kù sí ti Newcomen. Ronú sí i. Ohun tí àtúnṣe náà gbà lọ́wọ́ òfò gan-an ni wọ́n fi ń díwọ̀n owó iṣẹ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kó o fara wé nínú iṣẹ́ rẹ kì í ṣe Watt, John Smeaton, ẹnjinníà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni. Òun náà tún ẹ̀rọ Newcomen ṣe láàárín àkókò yẹn, kò sì fi ohun tuntun kankan kún un. Ó kọ́ ẹ̀rọ kékeré kan sí ilé rẹ̀ ní Austhorpe, lẹ́bàá Leeds, ó wá ń yí nǹkan kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, á wọn èédú tó jẹ, á wọn iṣẹ́ tó ṣe, á kọ ọ́ sílẹ̀, kó tó fọwọ́ kan òmíràn. Nípa wíwọ̀n àti dídíwọ̀n lásán, ó mú kí irú ẹ̀rọ náà ṣe nǹkan bí ìlọ́po méjì iṣẹ́ tó ń fi èédú kan náà ṣe tẹ́lẹ̀. Èmi rí i pé iṣẹ́ Smeaton yìí ga púpọ̀, àwọn èèyàn kì í sì í rántí rẹ̀.

Ìwọ wá sọ pé o fẹ́ yí nǹkan mẹ́ta padà pọ̀. Tó bá wá dára, èwo nínú wọn ló ṣe é? Tó bá bàjẹ́ ńkọ́? Mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kó o tó tiẹ̀ kan ẹ̀rọ náà rárá, wo èkùrọ́ tí wọ́n ń dà sí i. Ẹ̀rọ yẹn ń ju èkùrọ́ lu ògiri irin ni. Ọ̀kan tó tóbi tí èèpo rẹ̀ nípọn àti èyí tó kéré tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, eré kan náà ni wọ́n fi ń lu ògiri. Eré tó tó fún ọ̀kan á pọ̀ jù fún èkejì. Kọ́kọ́ fi asẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ìwọ̀n ìwọ̀n. Lẹ́yìn náà, bèèrè bóyá wọ́n ń sá a gbẹ dáadáa. Èkùrọ́ tó bá gbẹ, ọmọ inú rẹ̀ á sún kì, á yọ kúrò lára èèpo, nígbà tí èèpo bá fọ́, á jáde ní odindi. Èyí tó bá tutù ṣì lẹ̀ mọ́ èèpo, wọ́n á jọ fọ́ ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rọ náà kò jẹ̀bi kankan. Wọ̀n ọ́n, kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kó o fi han olùkọ́ rẹ. Iṣẹ́ ẹnjinníà tó dájú nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: A jẹ́ obìnrin tó ń yan gààrí pọ̀. Èéfín ti fẹ́ fọ́ wa lójú, nítorí náà a ní kí bíríkìlà mọ ààrò tuntun tó ní páìpù èéfín. Èéfín dín kù lóòótọ́, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n igi tó ń jẹ ti pọ̀ jù, gààrí kì í sì í tètè gbẹ. Àwọn kan ti padà sí ààrò àtijọ́. (Alága ẹgbẹ́ onígààrí, ìtòsí Ìjẹ̀bú-Igbó)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà. Mi ò dá àwọn tó padà lẹ́bi, ààrò tó ń jẹ igi ju gààrí lọ kò lè pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà. Mo wo fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́. Páìpù náà fẹ̀ púpọ̀, ẹ̀yìn agbada sì jìnnà sí ògiri ààrò. Bí ọwọ́ iná bá ti jáde lára igi, ọ̀nà tó rọrùn jù fún un ni kó gba àlàfo ẹ̀yìn yẹn bọ́ sínú páìpù, kò ní fara kan ìdí agbada. Páìpù yín ń fa èéfín, ó sì ń fa ooru mọ́ ọn.

Ẹ fi amọ̀ àti bíríkì kún ẹ̀yìn náà títí àlàfo àárín rẹ̀ àti agbada kò fi ní ju ìka méjì lọ. Ẹ fi pẹlẹbẹ irin kan sẹ́nu páìpù tí ẹ lè máa tì wọlé, tí ẹ lè máa fà jáde, kí ẹ ṣí i gbayawu nígbà tí ẹ bá ń dá iná, kí ẹ tì í kù díẹ̀ nígbà tí iná bá ti jó. Kí ẹ gbé igi kúrò nílẹ̀ pátápátá: ẹ to ọ̀pá irin sábẹ́ rẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba ìsàlẹ̀ wọlé. Igi tó bá rí atẹ́gùn jó dáadáa, èéfín rẹ̀ á kéré láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá sì tún máa mọ òmíràn, ẹ jẹ́ kí ẹnu ìkoná wà ní òdì kejì ògiri, kí ẹni tó ń koná wà níta, kí ẹni tó ń yan gààrí wà nínú.

Nǹkan kan ṣì wà. Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí bíríkìlà ń wọn ààrò? Ní Chorkor, abúlé apẹja kan lẹ́bàá Accra, àwọn ìyá tó ń sun ẹja wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tún ààrò wọn ṣe láàárín 1969 sí 1971. FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, àti ilé ìwádìí oúnjẹ ti ìlú Ghana ló bá wọn ṣe é. Wọn kò sọ pé kí wọ́n gbàgbé amọ̀ àti igi. Ààrò róbótó ni wọ́n sọ di onígun mẹ́rin, wọ́n wá fi igi àti nẹ́ẹ̀tì ṣe àtẹ tó jókòó déédéé lórí ara wọn, tó fi jẹ́ pé àwọn àtẹ náà fúnra wọn ló di ọ̀nà tí ooru ń gbà gòkè. Ooru ààrò kan náà wá ń sun ẹja tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ààrò náà tàn kálẹ̀ kọjá Ghana, ní tèmi ohun tó gbé e kiri ni pé ó bá ọwọ́ àwọn tó ń lò ó mu. Torí náà, kí bíríkìlà yín tó tún padà wá, kí ẹni tó yára jù nínú yín nídìí ìyan gààrí jókòó, kó na ọwọ́, kí wọ́n wọn ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé àti bí agbada ṣe ga sí i. Ìwọ̀n yẹn ni kó wà nínú àwòrán ṣáájú ìwọ̀n mìíràn.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń kọ́ ilé alájà kan sí Ìbàdàn láti London níbí. Wọ́n ti da dẹ́kìn. Mo rí fídíò rẹ̀, òpó kan dúró sáàárín pálọ̀ lábẹ́ bíìmù, kọnkéré gbọọrọ tó dùbúlẹ̀ tó ń gbé dẹ́kìn, kò bá mi lára mu rárá. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ni láti orí rẹ̀ sí òpó ọ̀tún, 12 náà sí ti òsì. Bíríkìlà ní òun lè yọ ọ́, pé òun á fi irin kún ojú ibẹ̀, òun á sì rẹ́ ẹ. Orí dẹ́kìn yẹn náà la fẹ́ gbé tánkì omi méjì onílítà 2000 sí. Kí lẹ rí sí i? (Ọmọ Ìbàdàn, Peckham)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìnáwó. Mo bẹ̀ yín, ẹ pe bíríkìlà yẹn lórí fóònù kí ẹ tó ka ìyókù, kó má tíì fọwọ́ kan òpó yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kansas City, ní Amẹ́ríkà, ní òtẹ́ẹ̀lì Hyatt Regency. Nǹkan bí ọdún kan péré ló tíì pé tí wọ́n ṣí i. Àwọn afárá ìrìnsẹ̀ wà nínú gbọ̀ngàn rẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀pá irin so rọ̀ láti òkè àjà, ọ̀kan ní àjà kẹrin, ọ̀kan nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an ní àjà kejì. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, ọ̀pá gígùn kan ṣoṣo ló ti òkè wá, tó la afárá òkè kọjá, tó sì lọ mú ti ìsàlẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rọ irin, wọ́n rí i pé yóò nira láti gé ẹnu nọ́ọ̀tì sára ọ̀pá tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá gé e sí méjì: ọ̀kan láti òkè àjà sí afárá òkè, ọ̀kan láti ara afárá òkè sí ti ìsàlẹ̀. Lójú, kò sí ohun tó yàtọ̀. Irin kan náà ni, afárá kan náà ni.

Ẹ wò ó bí ẹni pé èèyàn méjì rọ̀ mọ́ okùn kan, kálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í mú. Ẹ wá ní kí ẹni ìsàlẹ̀ fi okùn sílẹ̀, kó di ẹsẹ̀ ẹni òkè mú. Okùn kò mọ ìyàtọ̀, ọwọ́ ẹni òkè ló mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀tì tó wà lábẹ́ afárá òkè ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù afárá méjì dípò ọ̀kan. Kò sí ẹni tó padà lọ ṣe ìṣirò ojú ibẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje 1981, èrò kún gbọ̀ngàn náà, wọ́n ń jó, afárá méjèèjì já lulẹ̀. Èèyàn 114 ló kú. Nígbà tí ìwádìí dé, wọ́n rí i pé àwòrán àkọ́kọ́ pàápàá kò tó ohun tí òfin ìlú náà bèèrè, àyípadà náà wá gé ìwọ̀nba agbára tó ní sí méjì. Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹnjinníà tó fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí pálọ̀ yín. Bíìmù tó ń rin ẹsẹ̀ bàtà 12 kó tó kan òpó, tí ẹ bá yọ òpó àárín, yóò máa rin 24. Ní ìṣirò tó rọrùn jù, tí gígùn bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fẹ́ tẹ bíìmù náà kò ní di ìlọ́po méjì, mẹ́rin ni yóò dì. Bó ṣe máa sọ̀ sílẹ̀ láàárín á sì di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Bíríkìlà ní òun á fi irin kún un. Níbo? Lójú òpó, òkè bíìmù ló máa ń fẹ́ fà ya, nítorí náà òkè ni ẹnjinníà to irin tó pọ̀ sí. Tí òpó bá kúrò, ojú ibẹ̀ kan náà á wá di àárín bíìmù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló máa fẹ́ fà ya, ìsàlẹ̀ yẹn ni irin kò sì pọ̀ sí. Kọnkéré ti gbẹ mọ́ irin tó wà nínú. Irin tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọn níta tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ kò ní bá ti inú ṣiṣẹ́ pọ̀ lásán bẹ́ẹ̀.

Ẹrù tí òpó náà ń gbé kò sì ní pòórá. Òpó ọ̀tún àti ti òsì ló máa pín in, kálukú wọn á gbé ó kéré tán ìlọ́po méjì ohun tó ń gbé tẹ́lẹ̀ látọ̀dọ̀ bíìmù yẹn. Ìpìlẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn ńkọ́? Ìwọ̀n ẹrù àkọ́kọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Lẹ́yìn èyí ni ẹ tún fẹ́ gbé lítà 4000 omi sórí rẹ̀, tọ́ọ̀nù mẹ́rin gbáko, láìka tánkì fúnra rẹ̀.

Mi ò sọ pé kò ṣeé ṣe. Àtúnṣe irú rẹ̀ wà, mo sì ti rí ilé tí wọ́n ti ṣe é tó dúró dáadáa: wọ́n fi irin ńlá sábẹ́ bíìmù, wọ́n fi òpó irin gbé e ní eteetí méjèèjì, wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ tuntun fún àwọn òpó náà, wọ́n sì fi àtìlẹ́yìn gbé dẹ́kìn dúró ní gbogbo àsìkò tí iṣẹ́ ń lọ. Ẹnjinníà ilé tó ní ìwé COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjinníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ló máa ṣe ìṣirò rẹ̀, kì í ṣe bíríkìlà, kì í sì í ṣe èmi tí mo ń tún ẹ̀rọ ṣe. Tí ẹ bá lè rí ẹni tó ya àwòrán àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló mọ ohun tó gbé ka orí òpó yẹn. Ẹ ní kó lọ wo ilé náà fúnra rẹ̀, kó má jókòó ti pláànù nìkan, torí ohun tí bíríkìlà tò sínú bíìmù lè yàtọ̀ sí ohun tó wà lórí ìwé. Ẹ bi ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú bóyá ẹ nílò àṣẹ tuntun fún àyípadà náà.

Tó bá jẹ́ pé ẹwà pálọ̀ nìkan ni ìjà yín, owó rẹ̀ á kéré gan-an tí ẹ bá fi òpó sílẹ̀, kí ẹ fi igi bò ó, kí ẹ fi ṣe ààlà láàárín ibi ìjókòó àti ibi ìjẹun. Ní ti tánkì, ẹ gbé e kúrò lórí ilé, kí wọ́n ṣe orí irin tó dá dúró nílẹ̀ fún un lẹ́yìnkùlé.

Tí bíríkìlà bá sì sọ fún yín pé òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ òpó náà, kó wá igi tó lágbára tàbí ọ̀pá irin, kó fi ti bíìmù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì òpó lónìí yìí, kí àwọn tó ń sùn síbẹ̀ láti ṣọ́ sìmẹ́ǹtì kó ẹrù wọn jáde títí ẹnjinníà yóò fi dé.